Sípíkà Tí Ìyé Fìyìn Yàn

Ìjà ni èmi àti Ìyé Fìyìn gbé dé ìsọ̀ Gbémiga lọ́jọ́ tí a lọ ra sípíkà. A kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀ níbẹ̀. Orúkọ mi ni Rejoice, aránṣọ ni mí ní Kábbà, èmi ni mo sì ń ṣáájú àwọn elégbè nínú ẹgbẹ́ akọrin wa. Ìyé Fìyìn ló ń dá orin. Ìyé la máa ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa, Fìyìnfólúwa sì ni àkọ́bí rẹ̀. Bí obìnrin yìí bá dá orin níbi ìsìnkú, ẹni tí kò mọ òkú rí yóò fi gèlè nu ojú. Mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àìpẹ́ yìí, orin ti ń di ariwo lẹ́nu rẹ̀. Yóò bẹ̀rẹ̀ dáadáa, kí a tó ṣẹ́jú, ó ti gbé e lọ sókè réré níbi tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè bá a dé.

Nǹkan mìíràn tún wà tó ń bí mi nínú. Tí a bá ti ń kọrin, ojú rẹ̀ kì í kúrò lẹ́nu mi. Dípò kó kọjú sí àwọn tó pè wá, èmi ni yóò kọjú sí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn èrò yóò máa rí. Yóò tẹ ojú mọ́ mi lẹ́nu bí ìgbà tí èmi ń tẹ ojú mọ́ ihò abẹ́rẹ́. Mo ní, àṣìṣe mi ló ń ṣọ́. Bí Praise, ọmọge kan tó máa ń dúró lẹ́yìn pátápátá, ṣe ń ya ẹnu tó ju ti gbogbo wa lọ nìyẹn, Ìyé Fìyìn kò wò ó lẹ́ẹ̀kan rí. Ẹnu mi nìkan ló rí.

Nítorí ìrìn la ṣe fẹ́ ra sípíkà. Bí arúgbó bá kú lọ́dọ̀ wa, a kì í jókòó sójú kan kọrin fún un. A óò gbé orin náà káàkiri ìlú ni, láti agbo ilé dé agbo ilé, títí a ó fi dé ibojì. Sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì la sì máa ń yá, oníwáyà, tó ń mu iná jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí a lọ sí Odo-Ape, wáyà parí kí á tó dé ìdajì ọ̀nà. Ìyé Fìyìn dúró síbi tí wáyà parí sí bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ igi, ó ń kọrin, òkú àti àwọn tó ni òkú sì ń lọ níwájú. Àwọn ọmọdé Odo-Ape rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ náà la ti pinnu pé sípíkà oníbátìrì, èyí tó ṣeé gbé rìn, la ó rà.

Olùkọ́ àgbà kan ló wá kú ní Ìkòyí, ní ilẹ̀ Ìjùmú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ní àwa làwọn fẹ́ ní ọjọ́ Sátidé. Bàbá Abraham, alága ẹgbẹ́ wa, fà mí sẹ́yìn ilé.

"Rejoice," ó ní, "bí sípíkà tuntun yìí kò bá tún ohùn Ìyé Fìyìn ṣe, ìwọ ni yóò dá orin ní Ìkòyí. Mo ti sọ fún òun náà."

Inú mi dùn, kí ni mo fẹ́ fi pamọ́ níbẹ̀? Ta ni kì í fẹ́ iwájú? Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí yóò jẹ́ fún Ìyé Fìyìn. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ ti tú ká, Fìyìn fúnra rẹ̀ ń gbé ní Lọ́kọ́ja. Orin nìkan ló kù tí ẹnikẹ́ni fi ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Fóònù gan-an kì í gbé. Fóònù mi ni Fìyìn máa ń pè láti bèèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀, tí yóò máa ráhùn pé, "Àǹtí Rejoice, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n máa gbé ìpè mi o." Èmi náà á ní ìgbéraga ni, kí ló tún lè jẹ́?

Bí àwa mẹ́ta ṣe lọ nìyẹn: èmi, Ìyé Fìyìn, àti Dáníẹ́lì ọkọ mi, tó ń tẹ kííbọ́ọ̀dù fún ẹgbẹ́.

Ìsọ̀ Gbémiga àti ilé tí wọ́n ti ń lọ ẹ̀gẹ́, ògiri kan ló pín wọn, pèpéle kan náà ni wọ́n jọ wà lórí rẹ̀. Àwọn obìnrin tó gbé ẹ̀gẹ́ wá jókòó ti agbada wọn, wọ́n ń retí oní-ẹ̀rọ tó ń tún ìgbànú ẹ̀rọ rẹ̀ so.

"Okun o," Ìyé Fìyìn kí wọn.

"Okun o, Ìyé," wọ́n dáhùn.

Gbémiga gbé sípíkà kékeré kan jáde fún wa. Kò ju báàgì ọmọ iléèwé lọ, ó ní okùn tí ènìyàn lè fi kọ́ èjìká. Mo gba máìkì, mo kọ ìlà orin kan sí i. Ohùn mi jáde ní mímọ́ gaara, gbogbo ọ̀rọ̀ ṣeé gbọ́. Dáníẹ́lì bèèrè bátìrì, Gbémiga ní bí a bá gba iná sí i dáadáa, yóò gbé wa láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán.

"Ẹ di í fún wa," ni mo wí.

Ìyé Fìyìn tẹ àtẹ́lẹwọ́ lé orí sípíkà náà bí ẹni ń wò ó bóyá ara rẹ̀ gbóná. Ó mi orí.

"Èyí kò sọ̀rọ̀."

"Kò sọ̀rọ̀ báwo? Ṣé ẹ kò gbọ́ ohùn mi ni?"

Kò dá mi lóhùn. Ó kọjá lọ bá àpótí dúdú gìrìwò kan tó wà ní kọ̀rọ̀. Gbémiga alára sọ fún un pé inú gbọ̀ngàn ni wọ́n máa ń lo irú èyí, pé lóòótọ́ ó ní bátìrì, ṣùgbọ́n ọkùnrin méjì ló ń gbé e. Ó tan án fún un. Ìyé Fìyìn gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ojú rẹ̀ sì tàn.

"Èyí ní ẹ̀mí," ó ní. "Èyí la ó rà."

Inú bí mi. "Hàbá, Ìyé! A ní kí a ra ohun tó ṣeé gbé rìn, ẹ lọ mú pósí! Ta ni yóò rù ú yí Ìkòyí ká?"

"Ìwọ ni," ó ní. "Ìwọ kọ́ lo ní ọrùn gígùn ni?"

Àwọn obìnrin ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ fèsì, Dáníẹ́lì di ọwọ́ mi mú. Ó kọjú sí Ìyé Fìyìn, ó rọra ṣàlàyé fún un. Ó ní kó dúró lẹ́nu pèpéle, kó kọjú sí títì, kó kọ ẹ̀yìn sí wa. Gbémiga yóò fi orin kan náà sí sípíkà kékeré, yóò sì tún fi sí ńlá. Ìyé Fìyìn kò ní mọ èyí tó ń dún. Èyí tí etí rẹ̀ bá yàn, òun náà la ó rà, kò sẹ́ni tí yóò tún bá a jiyàn.

Ìyé Fìyìn wo ọkọ mi lẹ́nu títí ó fi sọ̀rọ̀ náà tán. Ó wo sípíkà méjèèjì. Ó jọ pé ó fẹ́ kọ̀. Lẹ́yìn náà ló bọ́ bàtà rẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ ń gbóná òun, ó lọ dúró lẹ́nu pèpéle, ó kọ ẹ̀yìn sí wa.

Gbémiga tan kékeré. Orin dún. Ìyé Fìyìn dúró gbagidi, kò mi orí, kò mi ẹsẹ̀. Mo fi ìgbúnwọ́ gún Dáníẹ́lì pé ṣé ó rí i, agídí ni. Gbémiga pa á, ó lọ tan ńlá. Kò tàn. Bátìrì rẹ̀ ti kú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá wáyà tí yóò fi gba iná sí i nínú àpótí, ó ń kùn. Kò sí nǹkan kan tó ń dún nínú ìsọ̀ náà.

Àfi ìgbà tí oní-ẹ̀rọ ọlọ ta ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ó bú, pèpéle sì ń gbọ̀n jìnnìjìnnì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, ìdérí ìkòkò ẹnìkan ń jó lórí agbada.

Ìyé Fìyìn na ọwọ́ sókè.

"Háà! Èyí gan-an ni!" ó kígbe. "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún! Ẹ gbọ́ ọ! Èyí la ó gbé lọ sí Ìkòyí!"

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ó ń fi ẹsẹ̀ lásán lu pèpéle, ó ń mi orí, ó dá orin tí a ó kọ fún olùkọ́ tó kú náà lé orí ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́.

Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ìyé, ẹ̀rọ ọlọ nìyẹn o!" Kò yíjú. Mo tún un sọ, mo pariwo. Ó ń jó lọ. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Mo juwọ́ sí oní-ẹ̀rọ pé kó pa á, ó pa á.

Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyé Fìyìn dá ijó dúró.

"Kí ló dé tí ẹ pa á? Ẹ má wulẹ̀ tan èkejì mọ́. Mo ti mú."

"Ìyé Fìyìn," mo pè é. Kò dáhùn.

"Ìyé Fìyìn!"

Títì ló ń wò, ó ń fi aṣọ nu ọrùn. N kò mọ ohun tó gbé ọ̀rọ̀ náà sí mi lẹ́nu, mo figbe ta: "Ìyé, ejò! Ejò wà lẹ́sẹ̀ yín!"

Gbémiga fò sórí tábìlì. Àwọn obìnrin tú ká, agbada ẹ̀gẹ́ kan dànù. Dáníẹ́lì pàápàá, tó dúró tì mí, tó mọ̀ pé kò sí ejò kankan, gbé ẹsẹ̀ méjèèjì. Ìyé Fìyìn nìkan ni kò mira. Ó dúró pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán lórí pèpéle, ó ń dúró kí a wá sọ fún òun pé òun yàn dáadáa.

Mo wo Dáníẹ́lì, ó ti ká ọwọ́ lérí. Ẹnu mi là, n kò lè pa á dé. Obìnrin tí mo ń bá kọrin láti ọjọ́ yìí wá! Tí à ń bá jà, tí à ń bá ṣeré, tó ń dá mi lóhùn! Mo ń rìn lọ síwájú rẹ̀.

Ẹ̀rín ló wà lójú rẹ̀ nígbà tí mo dé iwájú rẹ̀. Ó rí ojú mi, ẹ̀rín náà sì kúrò.

"Èwo ló dún?" ó bi mí.

"Kò sí èyí tó dún, Ìyé."

Ó tẹ ojú mọ́ mi lẹ́nu. "Ìkankan kò dún?"

"Ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ ni."

Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí oní-ẹ̀rọ, ó rí ẹ̀gẹ́ tó dà sílẹ̀, ó rí Gbémiga lórí tábìlì. Ó rọra jókòó sẹ́nu pèpéle, ó sì fa bàtà rẹ̀ mọ́ra.

"Etí òsì ló kọ́kọ́ lọ," ó ní. Ohùn rẹ̀ ga jù, gbogbo wa ń gbọ́. "Mo ní kò burú, ọ̀tún wà níbẹ̀. Ọ̀tún náà lọ. Dókítà wò ó, ó ní ó ti pẹ́ jù. Bí ẹni bá sọ̀rọ̀ níwájú mi, mo lè wo ẹnu rẹ̀ kí n mọ ohun tó ń sọ. Bó bá wà lẹ́yìn mi, kò sí láyé fún mi."

"Fìyìn ńkọ́? Ṣé ó mọ̀?"

"Kí ó lè wá gbé mi lọ sí Lọ́kọ́ja, kí n lọ máa ṣọ́ ilé fún un?"

"Orin ńkọ́, Ìyé? Báwo lẹ ṣe ń dá orin?"

Ó wò mí bí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu.

"Ẹnu rẹ ni, Rejoice. Àwọn yòókù máa ń há ọ̀rọ̀ sẹ́nu, ìwọ nìkan lò ń la ẹnu dáadáa. Bí ẹnu rẹ bá ti padé, mo mọ̀ pé ó kàn mí. Bí o bá ti fa gbólóhùn gùn, mo mọ̀ pé kí n dúró. Láti bí ọdún kan àti ààbọ̀, ẹnu rẹ ni mo fi ń gbọ́ràn."

Mo ti gba ìròyìn ikú rí, mo ti rí ilé tó jó. Kò sí èyí tó bá mi lójijì tó ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnu tí mo ń yí sí i! Ẹnu tí mo fi ń sọ ọ́ lẹ́yìn, ṣé òun náà ló fi ń gbọ́ orin? Omi bọ́ lójú mi kí n tó mọ̀.

Máìkì ṣì wà lórí tábìlì. Ìyé Fìyìn dìde, ó mú un, ó na án sí mi.

"Gbà. Mo mọ̀ pé ó wù ọ́, èmi náà wà níbẹ̀ rí. Ẹ ra kékeré yẹn, òun ló yẹ yín. Ohun kan ni mo bẹ̀ yín: ẹ má sọ fún ẹgbẹ́. Ẹ ní àárẹ̀ mú mi."

Ohun tí mo ti ń fẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n nà sí mi yìí, ọwọ́ mi kò sì lè gbé e. Mo yíjú sí Gbémiga, mo fi ìbínú sọ̀rọ̀, nítorí n kò mọ bí mo ṣe lè fi nǹkan mìíràn sọ ọ́.

"Sọ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì, kò sí ejò. Gba iná sí ńlá yẹn, kí o sì di í fún wa."

"Ta ni yóò rù ú?" Dáníẹ́lì bèèrè.

"Ìwọ ni. Ìwọ lo ní bárò."

Bí a ṣe gbé bárò lọ sí Ìkòyí nìyẹn, bárò tí Dáníẹ́lì fi ń kó bíríkì. A fi tìmùtìmù tẹ́ ẹ, a gbé àpótí dúdú lé e. Dáníẹ́lì ń tì í. Ìyé Fìyìn ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ òsì lé àpótí, ó fi ọ̀tún di máìkì mú. Èmi wà níwájú wọn, mo ń fi ẹ̀yìn rìn, mo ń kọjú sí i, mo ń la ẹnu bí ẹni tí eyín ń dùn. Àwọn elégbè yòókù ń bọ̀ lẹ́yìn bárò. Bàbá Abraham bi mí pé kí ni mo ń ṣe, mo ní àṣà tuntun ni.

Ohùn rẹ̀ dúró sójú kan lọ́jọ́ náà. Ó ní bí òun bá ti gbé e ga jù, gbígbọ̀n àpótí náà máa ń yí padà lábẹ́ ọwọ́ òun, òun á sì fà á sílẹ̀.

"Olùkọ́ ti ti ilẹ̀kùn kíláàsì," ó dá a.

"Ó ń relé, ẹ jẹ́ ó máa lọ," a gbè é.

Àwọn ará Ìkòyí ń jáde lójúlé wọn. Sarah, àkọ́bí òkú, ń sunkún, ó ń jó. Mo wo ojú Bàbá Abraham lẹ́yìn bárò, mo rí i pé ara rẹ̀ ti balẹ̀. Ó ku agbo ilé kan péré kí á dé ibojì. Mo ní a ti yege.

Kòtò kan ló wà lẹ́yìn mi tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Ẹsẹ̀ mi rá sínú rẹ̀, mo fi ẹ̀yìn lélẹ̀ gbàà, iwájú bárò sì bò mí pamọ́. Àwọn elégbè kò rí mi, wọ́n gbe orin parí. Ó kan Ìyé Fìyìn. Kò dá a. Wọ́n tún gbè é. Kò dá a. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dákẹ́, títí gbogbo rẹ̀ fi dákẹ́ tán, tí òkú àti alààyè dúró sójú títì. Ìyé Fìyìn ń wò yíká, ó ń wá ẹnu mi. Nínú ìdákẹ́rọ́rọ́ náà ló gbé máìkì sẹ́nu.

"Rejoice, ṣé ó ti kàn mí? N kò gbọ́ nǹkan kan."

Àpótí ńlá yẹn kì í pa àṣírí ẹnìkan mọ́. Gbogbo Ìkòyí ló gbọ́.

"Kí ló ní òun kò gbọ́?" Sarah bèèrè. Ẹkún ti gbẹ lójú rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń wo ara wọn. Bàbá Abraham wo Dáníẹ́lì, Dáníẹ́lì sì gbé bárò sílẹ̀.

"Etí rẹ̀ ti di," ó ní. "Ó ti pẹ́. Ẹnu Rejoice ló fi ń kọrin."

Mo ń wo Bàbá Abraham láti inú kòtò. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá náà já sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn elégbè ké "Jésù!" òmíràn fi ọwọ́ bo etí ara rẹ̀. Bàbá Abraham bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀ wá síwájú, mo mọ̀ pé ó ń bọ̀ wá gba máìkì nìyẹn. Ìyé Fìyìn náà mọ̀. Ó ti na án sí i.

Bàbá Abraham kò gbà á. Ó kọjá rẹ̀, ó dé iwájú, ó yí padà, ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà ibojì, ó sì la ẹnu tí kò ní eyín iwájú: "Ó ń relé, ẹ jẹ́ ó máa lọ."

Àwọn yòókù sáré wá. Ẹnìkan fà mí dìde. Gbogbo ẹgbẹ́ tò síwájú bárò, a kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà, a ń fi ẹ̀yìn rìn, a di ara wa lọ́wọ́ mú kí kòtò má baà tún gbé ẹnìkan, a sì la ẹnu gbàǹgbà. Ìyé Fìyìn tẹ ọwọ́ mọ́ àpótí. Ó wo ẹnu wa lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gbé máìkì, ó dá orin, ó gbà wá lẹ́nu, ó tún dá a. Bí a ṣe fẹ́ dé ẹnu ibojì, ó dúró lójijì.

"Praise," ó sọ sínú máìkì, "ìwọ kò mọ orin yìí."

Gbogbo wa yíjú sí Praise. Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ojú rẹ̀ pọ́n. Òótọ́ ni. Láti ìgbà tó ti wọ ẹgbẹ́ ló ti ń ya ẹnu lásán, tí àwa tí etí wa là ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ẹnìkankan nínú wa kò sì mọ̀.

Ìyé Fìyìn fi máìkì juwọ́ sí i pé kó kúrò ní ìparí ìlà. Ó ní kó wá dúró tì mí, kó máa wo ẹnu mi.